Ẹnu Ta Ni Kánsẹ́lọ̀ Fi Ń Sọ̀rọ̀ Lórí Facebook?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo wa, nítorí iṣẹ́ kan wà tó ń wá àwọn ọmọ ẹ̀ka èdè Yorùbá kiri báyìí. Iṣẹ́ náà ni bíbá àwọn alága káńsù àti àwọn kánsẹ́lọ̀ bójú tó ojú òpó wọn lórí Facebook, WhatsApp àti X. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó mọ Yorùbá kọ, tó mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tó sì mọ fóònù lò dáadáa. Èmi náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún kánsẹ́lọ̀ kan bí mo ṣe ń kàwé lọ, ó sì ti lé lọ́dún kan báyìí.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Kí ni ká máa gbé síbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn dára, n ó sì dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: nígbà tí kánsẹ́lọ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí Facebook, ẹnu ta ló fi sọ ọ́? Ṣé ẹnu ara rẹ̀ ni, àbí ẹnu káńsù? Ẹni tí kò bá dáhùn èyí lọ́jọ́ tó ṣí ojú òpó rẹ̀, yóò bá a pàdé lọ́jọ́ tí ará àdúgbò bá bú u, àti lọ́jọ́ tí sáà rẹ̀ bá parí.

Akéde àti agogo rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wò ó ná. Láyé àwọn baba wa, akéde ni ẹnu ọba láàrin ìlú. Bó bá lu agogo ní oríta, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ̀ pé iṣẹ́ ààfin ló fẹ́ jẹ́. Bí akéde kan náà bá wá jókòó nísọ̀ ẹlẹ́mu nírọ̀lẹ́, tó ń ráhùn pé iṣu ọdún yìí kò ta, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Kò sẹ́ni tí yóò lọ sí ààfin lọ bi ọba léèrè ọ̀rọ̀ iṣu. Agogo ló pààlà láàrin ẹnu méjèèjì.

Ìṣòro tó wà lórí Facebook ni pé kò sí agogo níbẹ̀. Ojú òpó tí kánsẹ́lọ̀ fi ń kí ìyá rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí náà ló fi ń kéde pé wọn yóò ti ọjà fún ìmọ́tótó, òun náà ló sì fi ń sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Ẹni tó ń kà á kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ni James Freed, alákòóso ìlú Port Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan. Kì í ṣe ìbò ni wọ́n fi yàn án, wọ́n gbà á síṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kan àwọn tí a dìbò yàn pẹ̀lú. Ọkùnrin yìí ti wà lórí Facebook láti ìgbà tó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ń lọ sí 5,000, iye tí Facebook kì í jẹ́ kéèyàn kọjá, ó sọ ọ́ di ojú òpó tí gbogbo ayé lè wò. Lẹ́yìn tó di alákòóso ìlú ní ọdún 2014, ó kọ ipò rẹ̀ síbẹ̀. Ó ń gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ obìnrin síbẹ̀, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú síbẹ̀. Nígbà àrùn Kòrónà, ará ìlú kan ń kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ọwọ́ tí ìjọba ìlú fi mú àrùn náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Freed pa àwọn èsì rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó yá, ó dí ọkùnrin náà lọ́nà pátápátá, ohun tí gbogbo wa ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Ni wọ́n bá gba ilé ẹjọ́ lọ.

Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò, Adájọ́ Amy Coney Barrett ló sì kọ ìdájọ́ náà. Wọ́n ní ohun méjì ni kí a máa wò. Àkọ́kọ́, ṣé òfin tàbí ìṣe iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ náà láṣẹ gidi láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba lórí ohun tó sọ? Èkejì, ṣé àṣẹ yẹn ló ń lò nígbà tó kọ ọ̀rọ̀ náà? Bí méjèèjì bá pé, ìjọba ló sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ lé ará ìlú jáde nítorí pé ohun tí ẹni náà wí korò. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló sọ. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé Freed jàre tàbí pé ó jẹ̀bi. Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lọ fi ìwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n.

Kókó méjì mìíràn wà nínú ìdájọ́ yẹn tí mo rí bí ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní bí Freed bá ti kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ pé tara òun nìkan ni, ìyẹn ìbá gbè é gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè bo ohun tó bá hàn gbangba pé iṣẹ́ ìjọba ni. Wọ́n tún ní ìyàtọ̀ wà láàrin kéèyàn pa èsì kan rẹ́ àti kó búlọ́ọ̀kù ẹni tó kọ ọ́. Abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ti pípa èsì rẹ́ mọ. Ẹni tí o bá búlọ́ọ̀kù ti pàdánù gbogbo ohun tó wà lójú òpó náà. Tí ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ káńsù bá wà pọ̀ lójú kan, o kò lè ti ẹnìkan mọ́ta ní pálọ̀ rẹ kí o má tì í mọ́ta ní ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹjọ́ kejì padà, tàwọn ọmọ ìgbìmọ̀ iléèwé méjì tí a dìbò yàn ní Poway, ní California. Ìpolongo ìbò ni àwọn yẹn tìtorí rẹ̀ ṣí ojú òpó wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n wọlé, wọ́n ń lò ó lọ fún iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Tọkọtaya kan tó lọ́mọ nínú àwọn iléèwé náà ń kọ ẹ̀sùn kan náà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbé jáde. Nígbà kan, ìgbà 226 ni wọ́n fèsì lórí Twitter láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹ ò rí i pé ó ń bíni nínú lóòótọ́? Síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí àwọn aṣojú náà búlọ́ọ̀kù wọn ló gbé wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ.

Ọ̀rọ̀ náà nílé wa

Òfin Amẹ́ríkà kò de kánsẹ́lọ̀ Ìkòròdú tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjèèjì yẹn bá wa mu, nítorí pé òfin tiwa náà ní ohun tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nípò.

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dárúkọ, wọ́ọ̀dù 8,809 sì ni àjọ INEC kà. Abala keje òfin náà ní ẹni tí a dìbò yàn ni kó máa ṣàkóso wọn. Abala 39 fún olúkúlùkù wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò, láti sọ ọ́, àti láti gba ìròyìn. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tó béèrè ìwé tàbí àkọsílẹ̀ lóhùn. Awuyewuye wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bóyá òfin yẹn kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Ẹdó ló parí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ wa sọ pé ó kan gbogbo wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má ṣe dì í mú mọ́. Látijọ́, bí wọ́n bá bi alága káńsù léèrè nípa gọ́tà tó dí, ó lè ní ọwọ́ gómìnà ni owó wà. Àwáwí yẹn ti ń dín kù. Bó bá sì ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbé sórí Facebook yóò máa pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ rọrùn: ẹ ya á sọ́tọ̀. Kí kánsẹ́lọ̀ ní ojú òpó tirẹ̀ fún ìdílé, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tara òun ni. Kí ojú òpó mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ wọ́ọ̀dù tàbí orúkọ ipò. Orí èyí nìkan ni kí ìkéde káńsù ti máa jáde. Òfin ìdìbò tilẹ̀ kà á léèwọ̀ kí a fi ohun èlò ìjọba, títí kan ti ìròyìn, ti ẹgbẹ́ tàbí olùdíje kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń fi ojú òpó wọ́ọ̀dù polongo ìbò ń fẹsẹ̀ tẹ ààlà yẹn.

Kí la fẹ́ gbé síbẹ̀?

Ẹ ṣí àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà àti gáréèjì, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí, ibi ìsìnkú, fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti olóògbé sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ ó kọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí. Èyí àkọ́kọ́: "Aṣojú rere tún ti ṣe bẹbẹ! Iṣẹ́ ń lọ ní wọ́ọ̀dù wa! Ẹ ṣeun, olóyè!" Àwòrán mẹ́fà ló tẹ̀ lé e, agbádá kánsẹ́lọ̀ ló sì kún gbogbo rẹ̀. Èyí kejì: "Iṣẹ́ gọ́tà bẹ̀rẹ̀ lónìí láti ojúlé 14 dé ojúlé 40. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó gbà. Iye tí káńsù fọwọ́ sí nìyí. Ọkọ̀ kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ dúró, nọ́ńbà yìí ni kí ẹ pè." Àwọn èèyàn lè tẹ àmì ọkàn pupa sábẹ́ èyí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí kejì ni ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lójúlé 22 nílò, kó lè mọ ibi tí yóò gbé àtẹ rẹ̀ sí lọ́la. Ẹnu káńsù ló sì fi sọ ọ́: ọjọ́ wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀, ẹni tí a lè dì mú wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka wa, ẹ má gbàgbé àmì ohùn. Ẹnìkan kọ ọ́ pé "Oko kansu yoo de lola." Ṣé oko tí a ń ro ni, ọkọ obìnrin ni, ọkọ́ tí a fi ń roko ni, àbí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí? A lè fi rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìdọ̀tí rẹ̀ síta lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kò wá kò ní rẹ́rìn-ín.

WhatsApp ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa wà, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ràn, nítorí kò nílò awò ojú. Ó ní ìlò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan kò gbà ju èèyàn 1,024 lọ. Bí ẹ bá fi ọ̀nà ìfiránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan ránṣẹ́, ẹni tó ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni yóò rí i gbà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó tọrọ níbi ìpàdé àdúgbò ni kí wọ́n fi nọ́ńbà náà pamọ́. Ẹ máa dárúkọ ọjọ́ àti àdúgbò nínú ohùn náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Nílùú tó ti rí irú èyí, ìkìlọ̀ òjò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohùn tí kò ní ọjọ́ lè máa kiri fún ọdún mẹ́ta, kó máa da oorun mọ́ àwọn èèyàn lójú lásán, títí wọn ò fi ní gba ìkìlọ̀ tòótọ́ gbọ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń bú wa

Wọn yóò bú kánsẹ́lọ̀ yín. Ẹ ti múra sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà tí mo ń gbà nìyí: mo máa ń wò ó bóyá ìbéèrè wà nínú èébú náà. "Ẹ̀yin olè, iná ò tàn ní òpópónà wa láti oṣù mẹ́ta!" Ẹ yọ "olè" kúrò, ìròyìn iṣẹ́ ló kù: iná ojú pópó ti kú, òpópónà wà níbẹ̀, iye ìgbà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ dáhùn: "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún wa. Ọ̀gá oníná yóò débẹ̀ lọ́jọ́rú." Ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èébú ló ń parí rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ ṣeun".

Àwọn èsì kan wà tí kò yẹ kó dúró: ìhàlẹ̀ ikú, ìpolówó gbájúẹ̀, nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn. Ẹ kọ òfin èyí sókè ojú òpó kí ìjà tó dé, kó sì kan ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá bákan náà. Bí ẹ bá pa ìhàlẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kejì rẹ́, tí ẹ fi ti ọmọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀, òfin kọ́ lẹ ń lò mọ́. Ẹ sì pa á rẹ́ nìkan. Búlọ́ọ̀kù ni kó kẹ́yìn.

Kí kánsẹ́lọ̀ má sì sáré ké sí ọlọ́pàá. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ni wọ́n máa ń fi mú ẹni tó bá kọ ohun tó bí aláṣẹ nínú. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù Kẹta, ọdún 2022 pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí Nàìjíríà tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2024, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ nípa bíbínilínú àti èébú kúrò. Irọ́ tí ẹni tó pa á mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi fẹ́ da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, ṣì wà níbẹ̀. Ráhùnráhùn lórí gọ́tà kò sí lára rẹ̀.

Àwòrán ẹni tó gba ìrẹsì

Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 ń ṣọ́ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti àwòrán èèyàn. Bí káńsù bá pín ìrẹsì fún àwọn opó, kí la fẹ́ fi ojú wọn ṣe lórí Facebook? Ẹ ka iye àpò ìrẹsì, ẹ ka iye èèyàn, ẹ ya àwòrán àpò. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya ojú ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì yé e pé yóò gba ìrẹsì rẹ̀ bó bá tilẹ̀ kọ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà báǹkì àwọn tó jàǹfààní kò gbọdọ̀ fara hàn lójú òpó rárá.

Nígbà tí sáà bá parí

Nígbà tí Barack Obama ń lọ ní oṣù Kìíní, ọdún 2017, orúkọ POTUS tó ń lò lórí Twitter kò bá a lọ. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ tó ti sọ níbẹ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ POTUS44, wọ́n sì fa POTUS lé ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ẹ fi ímeèlì ipò ṣí ojú òpó náà, kí ó má jẹ́ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n kánsẹ́lọ̀. Kí èèyàn méjì ó kéré tán ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀sùn tí ẹ kò tíì yanjú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìdìbò kọ̀ọ̀kan ni aráàlú yóò tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbé gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa nílẹ̀ wa. Ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Orí Twitter kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀! Káńsù tó ní rédíò, pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, àti ìpàdé àdúgbò mọ́ ojú òpó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní pa mọ́ nígbà irú èyí.

Bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni nínú yín síṣẹ́ yìí, ẹ bi ọ̀gá yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú òpó ta ni èyí, ti yín ni àbí ti wọ́ọ̀dù? Ta ló fún mi láṣẹ láti dáhùn lórúkọ yín, dé ibo sì ni? Ta ni n ó fà á lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ? Ọ̀gá tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fún yín ní agogo. Ẹ máa lù ú nígbà tó bá yẹ, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣu bá dé.